Mo bomi sí ọtí yìí, ó funfun bí omidùn. Ṣé ayédèrú ni?

Bàbá Ìbejì (Ìbàdàn) · Sátidé, 8:14 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ gbà mí. Àbúrò ìyàwó mi tó ń gbé ní Ìsítáńbúùlù wálé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé ìgò ọtí kan fún mi. Rakı ni wọ́n kọ sí i lára, 45% ni agbára rẹ̀. Ó mọ́ gaara bí omi òjò. Lálẹ́ àná mo ní kí n tọ́ ọ wò, mo bu díẹ̀ sínú ife. Mo rántí pé ó le, ni mo bá bomi là á. Kí n tó ṣẹ́jú, ife ti funfun báláú, àfi bí omidùn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ lórí ògì. Ìyàwó mi tó ń wò mí láti ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì ní, "Ẹ má fẹnu kàn án o, wọ́n ti fi nǹkan sí i."

Òórùn rẹ̀ tún wá dà bíi gripe water tí a máa ń fún ọmọ ọwọ́. Mo dé ìgò náà, mo sọ ọ́ sínú fìrísà. Nígbà tí mo gbé e jáde láàárọ̀ yìí, nǹkan funfun wẹ́wẹ́ bí ìpẹ́ ẹja ló ń léfòó nínú rẹ̀! Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún ọmọ ọlọ́mọ, àbí bó ṣe ń ṣe nìyẹn? Ọjọ́rú ni àna mi ń padà lọ, mi ò fẹ́ kó rò pé mo kẹ́gàn ẹ̀bùn rẹ̀.

Jẹ́jẹ́Layé · 8:21

Ẹ fi àdírẹ́sì ránṣẹ́, a ó wá bá yín dà á nù. Sí ọ̀nà ọ̀fun.

Tíṣà Kẹ́mísìrì (Abẹ́òkúta) · 8:40

Bàbá Ìbejì, ẹ fọkàn balẹ̀. Tí kò bá funfun ni kí ẹ máa fura.

Ẹ wo Dettol. Nínú ìgò, ojú rẹ̀ mọ́, ó pọ́n bí oyin. Ẹ kán an sínú omi ìwẹ̀, ó di wàrà. Ohun tó jọ ọ́ ló ṣẹlẹ̀ nínú ife yín. Èso wóróbo kan tí wọ́n ń pè ní ánísì ni wọ́n fi sí ọtí yẹn lára, epo kan sì wà nínú èso náà tí à ń pè ní anethole. Epo yìí a máa yòrò nínú ọtí líle, àmọ́ òun àti omi kì í rẹ́. Bí agbára ọtí bá ṣì tó, epo wà níbẹ̀ tí ojú ò rí i. Ẹ bomi sí i, ọwọ́ ọtí ò ká epo mọ́, epo á fọ́n jáde ní ẹ̀kán tó kéré débi pé ojú lásán ò lè rí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn. Ìmọ́lẹ̀ tó bá kọ lu gbogbo wọn á tú ká, ìyẹn lẹ rí tó funfun. Èyí tó dùn mọ́ àwa olùkọ́ nínú ni pé ẹnikẹ́ni ò pò ó, kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀ bíi ti Dettol, síbẹ̀ ó lè wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ láì ya. Ouzo, ọtí àwọn ará Gíríìsì, ni àwọn onímọ̀ fi sọ ìṣẹ̀lẹ̀ náà lórúkọ: "ouzo effect".

Ti fìrísà, epo yẹn náà ni. Nǹkan bíi 21°C ló ti ń yọ́, nítorí náà bí òtútù bá mú un, á dì bí òrí ṣe ń dì láàárọ̀ ọyẹ́. Ẹ gbé ìgò sórí tábìlì kó móoru, ìpẹ́ á yòrò padà. Ẹ má gbé e padà sí fìrísà.

Imú yín ò sì parọ́. Epo èso dill ló wà nínú gripe water, mọ̀lẹ́bí ánísì ni.

Bàbá Ìbejì · 8:52

Ha! Tíṣà, Ọlọ́run á bù kún yín. Mo ti gbé e sórí tábìlì. Ìyàwó mi ní òun ò tíì gbà o.

Ará Kurtuluş (Ìsítáńbúùlù) · 9:32

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀gbọ́n. Ọdún kẹsàn-án mi rèé níbí. Aslan sütü, ìyẹn wàrà kìnnìún, ni àwọn ará Tọ́kì ń pe rakı, nítorí funfun tó kó jìnnìjìnnì bá yín yẹn gan-an.

Àjàrà ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, tútù tàbí gbígbẹ. Wọ́n á jẹ́ kó kan, wọ́n á sè é, wọ́n á gba oru rẹ̀. Ohun tó bá kán jáde ni suma, kò tíì ní òórùn ánísì kankan. Wọ́n á fi omi là á, wọ́n á da èso ánísì sí i, wọ́n á tún un sè nínú ìkòkò bàbà. Òfin wọn ní ìkòkò náà kò gbọdọ̀ gbà ju 5,000 lítà lọ, àti pé nínú gbogbo ọtí tí wọ́n bá lò, ó kéré tán 65% gbọdọ̀ jẹ́ suma. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, wọ́n á yà á sápá kan. Èyí tó gbẹ̀yìn, wọ́n á yà á sápá kan. Ti àárín ni wọ́n ń fẹ́, göbek ni wọ́n ń pè é, ìdodo nìyẹn lédè tiwa. Omi àti ṣúgà díẹ̀ á wọ̀ ọ́, á sì sinmi fún bí oṣù kan kó tó wọ ìgò. Wọ́n á ní ánísì Çeşme, lápá İzmir lẹ́bàá òkun, ló dára jù. Ẹ bi ará Burdur, á ní irọ́ ni.

Mímu rẹ̀ ni iṣẹ́. Lọ́dún tí mo kọ́kọ́ dé, ọ̀gá mi pè mí síbi oúnjẹ alẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì kan. Wọ́n bu tèmi, mo gbé e, mo dà á mì lẹ́ẹ̀kan, bí a ṣe ń ṣe nílé. Gbogbo tábìlì dákẹ́. Bàbá arúgbó kan tó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi kò sọ nǹkan kan, ó kàn sún àwo wàràkàṣì wọn sọ́dọ̀ mi, ó tún fi fọ́ọ̀kì gún ègé mẹ́lọ́nì kan, ó nà án sí mi. Ó ní, "Jẹun. A ṣì máa pẹ́." Wákàtí mẹ́rin la lò, ife mẹ́ta péré ni bàbá yẹn mu. Wàràkàṣì àti mẹ́lọ́nì ló ń ṣáájú, ìgbá tí wọ́n sun lórí iná àti ewébẹ̀ olóròóró tútù lóríṣiríṣi á tẹ̀ lé e, ẹja á wá kẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń jẹ ní ti gidi. Ẹni tó bá mutí yó níbi tábìlì rakı, ojú tì í ni.

Ọtí ni kí ẹ kọ́kọ́ dà sí ife, kí omi tẹ̀ lé e, dọ́gbadọ́gba tàbí kí omi pọ̀ jù, kí yìnyín kẹ́yìn. Bí yìnyín bá ṣáájú omi, ìpẹ́ ẹja yín á padà wá.

Àlàmú Dùgbẹ̀ (Ìbàdàn) · 10:05

Ẹ jẹ́ kí àgbà dá sí i. Ní nǹkan bí ogójì ọdún sẹ́yìn, mo bá Kòráà kan ṣiṣẹ́ nílé rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀: Kòráà la máa ń pe àwọn ará Lẹ́bánónì, torí iyùn ni àwọn tó kọ́kọ́ dé ń tà. Títí di òní, Lebanon Street ṣì ń jẹ́ Lebanon Street níbi Dùgbẹ̀ níhìn-ín.

Arak ni tiwọn. Bí ọjọ́ Sọ́ńdè bá ti dé, ọ̀gá á pe àwọn ará ilé rẹ̀ jọ sábẹ́ igi máńgòrò. Ọtí ìdá kan, omi ìdá méjì, yìnyín kẹ́yìn. Oúnjẹ wọn á kún tábìlì: ewé pásìlì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ pẹ̀lú tòmátì, àti ẹran tútù tí wọ́n gún mọ́ àlìkámà. Ẹran tútù o, wọn ò sè é! Wọ́n ní arak ló ń sè é nínú ikùn.

Ilé bàbá ọ̀gá ní Zahlé, ní àfonífojì Bekaa ní Lẹ́bánónì, ni wọ́n ti ń sè arak náà. Àjàrà funfun tí wọ́n ń pè ní Obeidi ni wọ́n ń lò. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń sè é, ánísì kì í wọ̀ ọ́ àfi lẹ́ẹ̀kẹta. Wọ́n á wá dà á sínú ìṣà amọ̀, á wà níbẹ̀ fún ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó lè rọ̀. Ánísì tí wọ́n fi ń búra ń wá láti abúlé Hina ní Síríà, lẹ́sẹ̀ òkè Hámónì. Òkè yẹn náà ni ìrì rẹ̀ wà nínú Sáàmù 133. Ọ̀gá ní arak lédè Lárúbáwá túmọ̀ sí òógùn, torí bó ṣe ń kán tótó lẹ́nu páìpù bí ẹni ń làágùn. Mo ní, "Ọ̀gá, oògùn?" Mo rò pé ó ń sọ̀rọ̀ ìwòsàn. Ọdún méjì ni mo fi ń sọ fún ará àdúgbò pé oògùn ni Kòráà ń mu.

Èyí tí kò yé mi títí dòní: bí ife kan bá tán, wọn kì í bu òmíràn sínú ife náà. Ife tuntun ni wọ́n ń bèèrè. Ènìyàn mẹ́wàá, ife mẹ́rin mẹ́rin, ta ló ń fọ̀ ọ́? Èmi ni. Mo gbà pé ìgbéraga olówó ni.

Ìyá Àbíbátù · 10:11

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Àwa tí kì í mutí, ṣé a lè jẹ àǹfààní èso yìí ní ọ̀nà mìíràn?

Ará Kurtuluş · 10:15

Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ẹ sè é bíi tíì. Àwọn Lárúbáwá ń pè é ní yansoon, wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ lálẹ́.

Ọmọ Ìgbọ́kọ̀dá · 10:48

Mo ń ka ọ̀rọ̀ yín, ó ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ilé ògógóró ni wọ́n bí mi sí ní ilẹ̀ Ìlàjẹ. Ohun tí wọ́n ń pè ní suma yẹn, ẹmu ògùrọ̀ la fi ń ṣe tiwa. Ìyá mi á jẹ́ kó kan dáadáa, á rọ ọ́ sínú dúrọ́ọ̀mù, á fi amọ̀ lẹ ẹnu rẹ̀ pa, páìpù á gba inú ọkọ̀ tí a da omi tútù kún kọjá, ọtí á máa kán sínú ìgò ní apá kejì. Bí èéfín bá ń jò níbi amọ̀, ìbínú ìyá mi ju ti iná lọ. Àwa náà kì í mu èyí tó kọ́kọ́ jáde, òórùn rẹ̀ ń ta ènìyàn nímú. Ìdodo yẹn, a mọ̀ ọ́n, a kàn ò sọ ọ́ lórúkọ ni. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé àwa kì í padà da èso sí i kí a tún un sè. Ẹni tó bá fẹ́ egbò, á rẹ ẹ́ sínú ọtí, ó di páráàgà.

Bàbá Ìbejì, ìdí tí mo fi dá sí i gan-an ni pé ìbẹ̀rù ìyàwó yín kì í ṣe asán. Lọ́dún 2015, ní Òde-Ìrèlè, kò jìnnà sí wa, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé ojú àwọn ṣú, wọ́n ń kú láàárín ọjọ́ kan. Àwọn kan ní òrìṣà ló ń jà, wọ́n ní ẹnì kan jí nǹkan ojúbọ. Àyẹ̀wò dé, methanol, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ni wọ́n bá nínú ohun tí wọ́n mu. Lẹ́yìn náà ni ìjọba kéde pé àwọn fòfin de ògógóró. Ìyá mi sunkún. Ó ti ń sè é kí àwọn tó ń ṣòfin tó mọ bí wọ́n ṣe ń rìn.

Ní ilé wa, a máa ń da díẹ̀ sílẹ̀, a máa ń ṣáná sí i. Bí iná bá jó ní àwọ̀ búlúù, ọtí dáa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ wò.

Tíṣà Kẹ́mísìrì · 11:02

Àbúrò mi, mo bọ̀wọ̀ fún ìyá yín, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí ẹnikẹ́ni tó gbé ìṣáná: methanol náà ń jó, iná tirẹ̀ náà jẹ́ búlúù. Iná ń sọ fún yín pé ọtí le, kò lè sọ irú ọtí tó jẹ́. Imú pẹ̀lú ò lè mọ̀ ọ́n.

Ẹmu àti àjàrà tí ènìyàn jẹ́ kó kan, methanol inú wọn kéré. Èyí tó ń pa odidi àdúgbò ni èyí tí àwọn oníjìbìtì ra ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n sì fi lú ọtí.

Ará Kurtuluş · 11:20

Òótọ́ ni Tíṣà sọ, ìṣẹ̀lẹ̀ náà ń ṣe wá níbí. Owó orí tí ìjọba gbé lé ọtí pọ̀ débi pé àwọn kan ń ra sípíríìtì, wọ́n ń kán epo ánísì sí i, wọ́n ń pè é ní rakı. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ó lé ní 100 ènìyàn tí irú rẹ̀ pa ní Ìsítáńbúùlù àti Ánkárà. Èyí sì ni kí ẹ gbọ́: irú ọtí bẹ́ẹ̀ náà ń funfun bí ẹ bá bomi sí i, torí epo ánísì wà nínú rẹ̀. Nítorí náà funfun rẹ̀ nìkan kò tó láti búra. Ẹ bi àna yín: níbo ló ti rà á? Ṣé ìdérí ìgò kò tíì ṣí?

Bàbá Ìbejì · 11:41

Mo ti pè é. Ṣọ́ọ̀bù inú pápákọ̀ òfurufú ló ti rà á, rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo já ìdérí. Ìpẹ́ ti yòrò tán, ó mọ́ bíi tàná. Ìyàwó mi ní òun ti gbà ní ìdajì.

Ọmọ Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) · Sọ́ńdè, 7:50 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o láti Àjàṣẹ́. Ẹ sọ̀rọ̀ títí, ẹ ò dárúkọ pastis, ọtí ánísì àwọn Faransé! Ìlú tí Faransé bá ti ṣàkóso rí, kò ní ṣàì sí ìgò rẹ̀ ní buvette, ìyẹn ilé ọtí kékeré.

Absinthe, ọtí ewé kíkorò kan, ni Faransé ń mu tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní ó ń yí orí ènìyàn, ìjọba fòfin dè é lọ́dún 1915, ogun sì ń lọ lọ́wọ́. Òùngbẹ ò gbọ́ òfin. Ọdún 1932 ni ọmọkùnrin ẹni ọdún 23 kan ní Marseille, Paul Ricard, gbé pastis tirẹ̀ jáde. Òun kì í ṣe ọtí tí a sè pọ̀ mọ́ èso bíi ti Tọ́kì. Rírẹ àti pípò ni: epo ánísì oníràwọ̀, gbòǹgbò dídùn tí wọ́n ń pè ní licorice, àti ewé olóòórùn. Ánísì oníràwọ̀ yẹn, igi ni, láti Ṣáínà àti Vietnam, kò bá ánísì wóróbo tan rárá. Epo inú wọn ló kàn jẹ́ ọ̀kan. Ìdá kan ọtí, ìdá márùn-ún omi. Pastis pọ́n díẹ̀ nínú ìgò, bí omi bá wọ̀ ọ́, á dà bí àgbo tí a da mílíkì sí.

Èrò tèmi: ọtí ẹni tó jókòó sábẹ́ igi ní aago méjìlá ọ̀sán ni. Bí oòrùn bá wọ̀, ẹ fún mi ní sodabi. Ọmọ Ìgbọ́kọ̀dá, ìbátan ògógóró yín ni, ẹmu ọ̀pẹ la fi ń sè é. Àwọn àgbà wa ní ọmọ Dàhòmì kan tó jagun àgbáyé kìíní fún Faransé ló kọ́ ọgbọ́n sísè bọ̀, Sodabi ni orúkọ rẹ̀.

Bàbá Ìbejì · 8:30

Ó dáa, bí pastis bá jẹ́ rírẹ, kí ló dé tí a ò lè ra ánísì ní súpámákẹ́ẹ̀tì kí a rẹ ẹ́ sínú ògógóró?

Ọmọ Ìgbọ́kọ̀dá · 9:04

Mo ti gbìyànjú rẹ̀ lánàá òde yìí, ẹ̀gbọ́n, kí ẹ tó sọ. Ọwọ́ kan nínú ìgò kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Ó pọ́n bí tíì, òórùn rẹ̀ dáa, ó sì funfun díẹ̀ nígbà tí mo bomi sí i. Àmọ́ ó korò ní ìsàlẹ̀ ahọ́n, torí ohun gbogbo tó wà lára èso ló bá a wá. Bí a bá sè é, oru kì í gbé ìkorò àti àwọ̀ dání, òórùn nìkan ló ń gbé. Páráàgà ánísì ni mo ṣe, kì í ṣe rakı. Ẹ̀gbọ́n mi kan sì ti mu ún tán.

Dúdúyẹmí (Miami) · 2:17 ọ̀sán

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtìjú tèmi kún un. Mo ń lọ sílé òrìṣà àwọn Lukumí níbí, àwọn tó wá láti Kúbà. Wọ́n ní kí n ra aguardiente wá fún Ẹlẹ́gbára. Otí ni wọ́n ń pè é nínú ilé, ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ wa ò kú. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo rí aguardiente, mo rà á. Ìyá àgbà ṣí i, ó fimú rùn ún, ó bú sẹ́rìn-ín. Ti Kòlóńbíà ni mo rà! Ìrèké la fi ń ṣe méjèèjì, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́, "omi tó ń jó", ṣùgbọ́n ti Kòlóńbíà ní ánísì nínú, agbára rẹ̀ kò ju bíi 29% lọ. Ti Kúbà kò ní in. Ìyá ní Ẹlẹ́gbára kò ní bínú, òun náà fẹ́ràn nǹkan dídùn. Síbẹ̀ wọ́n ní kí n padà lọ ra òmíràn.

Bàbá Ìbejì · 9:26 alẹ́

Ẹ̀yin ará ilé, a ti ṣe é. Àna mi wà níbẹ̀, àti ìyàwó mi. Kò sí mẹ́lọ́nì, mo gé ìbẹ́pẹ. Wàràkàṣì àwọn Fúlàní ni mo rà ní Bódìjà, mi ò dín in, mo kàn fi iyọ̀ rẹ ẹ́. Ọtí, omi, yìnyín. Iyọ̀ inú wàràkàṣì yẹn ló mú kí ọtí náà yé mi: òun nìkan, ó dà bí oògùn ikọ́; pẹ̀lú wàràkàṣì, ó di nǹkan mìíràn. Ìyàwó mi tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀mejì, ó ní ti gripe water ṣì dùn jù ú lọ. Ó ní kí n bi yín: òórùn rẹ̀ kò kúrò lára ife. Ó ti fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Bẹ́ẹ̀, awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lára gíláàsì níbi tí a ti bu ife kejì lé ti àkọ́kọ́.

Tíṣà Kẹ́mísìrì · 9:33

Epo ni, mà. Yìnyín àti omi tútù ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ife. Bí ẹ bá bu ọtí tuntun lé yìnyín tó ṣẹ́kù, á di awọ. Omi gbígbóná àti ọṣẹ púpọ̀ ló ń ṣí i. Ìdí nìyẹn tó fi sàn kí ẹ lo ife tuntun ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ bu òmíràn.

Àlàmú Dùgbẹ̀ · 9:35

Ẹ dúró ná.

Àlàmú Dùgbẹ̀ · 9:36

Ogójì ọdún! Gbogbo ife tí mo fọ̀ lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, tí mo ń ṣépè sábẹ́lẹ̀! Omi tútù ni mo sì ń fi fọ̀ ọ́.